Nígbà tí Lupus Bá Dé Ọpọlọ

Bí a bá dárúkọ lupus, oríkèé ríro àti àmì pupa ojú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò. Àmọ́ ó lè dé ọpọlọ, ibẹ̀ gan-an ni àwọn ará ilé ti máa ń ṣì í mú.

Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, tó ń bá kòkòrò àrùn jà? Nínú lupus, ara fúnra rẹ̀ ni wọ́n yíjú sí. Odi kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Bí odi náà bá là níbì kan, wọ́n á ráyè wọlé. Ní 2001, Betty Diamond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York fi hàn pé díẹ̀ lára wọn lè so mọ́ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kí wọ́n sì pa á. Òmíràn ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, èyí sì lè fa rọpárọsẹ̀ fún ọ̀dọ́.

Ní 1999, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà ka oríṣi 19 tí lupus ń gbà yọ nínú ọpọlọ àti iṣan ara: ẹ̀fọ́rí, ìgbàgbé, wárápá, kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ máa kú bíi ti ẹni tó jókòó lé e pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan ń gbé ní Spring, lápá àríwá Houston, ojoojúmọ́ ló ń gba I-45 lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, kò rántí ibi tó yẹ kó yà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní òun ń gbọ́ ohùn. Ẹ pe ilé ní Ìbàdàn, ẹ ti mọ èsì: "Ayé ni o!" Mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n pàjáwìrì nìyẹn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì tètè sọ pé ó ní lupus. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n sì lè fa omi díẹ̀ láti ẹ̀yìn, torí kòkòrò àrùn náà lè fa irú rẹ̀.

Ibi tó ta kókó rèé: prednisone tó ń tọ́jú lupus lè da orí rú fúnra rẹ̀, pàápàá bó bá pọ̀. Síbẹ̀, ẹ má dá a dúró lójijì, ewu ńlá ni.

Obìnrin dúdú ni lupus ń mú jù níbí. Houston wà lára ibi tí ìwádìí LUMINA ti bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹ̀jẹ̀ ìdílé nìkan kọ́, òṣì náà ń dá kún un. Ẹni tó bá sì ní kò sí lupus nílé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Femi Adelowo àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 2009 pé nínú aláìsàn 1,250 tí wọ́n rí l'Ékòó, 66 ló ní in.