Abéèrè Kì í Ṣìnà: Bí Ọ̀rọ̀ Àwọn Ọ̀mọ̀wé Ṣe Wọ Inú Fóònù

Ní oṣù keje ọdún 2003, Christopher Lydon tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi Dave Winer ní ìbéèrè. Àwọn méjèèjì wà ní Berkman Center, ibùdó ìwádìí nípa ayélujára tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin Yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà. Oníròyìn ni Lydon. Ó ti kọ̀wé fún The New York Times, ó sì ti fi ọdún pípẹ́ ṣe atọ́kùn ètò ní ìlú Boston, kó tó kúrò nílé iṣẹ́ rédíò lọ́dún 2001. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Winer ń ṣe ní tirẹ̀. Ẹni tó mọ ìbéèrè í bi kò ní ilé rédíò mọ́. Ẹni tó mọ ọ̀nà tí ohùn lè gbà rìn ló wá jókòó síwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ohun tí a ń pè ní pọ́díkáàsì lónìí ti yọjú.

Ohùn ti wà lórí ayélujára ṣáájú ìgbà náà, ṣùgbọ́n olùgbọ́ ló ń wá a kiri, tí yóò tún máa dúró de kọ̀ǹpútà tó ń fà bí ìgbín. Lẹ́yìn tí Winer àti Adam Curry, gbajúmọ̀ atọ́kùn ètò tẹlifíṣọ̀n, jọ rò ó, Winer fi àyè kún RSS, ìlànà tí wọ́n fi ń fi ọ̀rọ̀ tuntun ránṣẹ́ sí òǹkàwé lórí ayélujára, kó lè máa gbé ohùn náà. Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ètò tuntun á máa wá bá a nílé, bí fẹ́ńdọ̀ ṣe máa ń ti ìwé ìròyìn sábẹ́ ilẹ̀kùn oníbàárà rẹ̀. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2003 ni Winer gbé àwọn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Lydon gba ọ̀nà yìí.

Nǹkan náà kò tíì lórúkọ. Ní oṣù kejì ọdún 2004, Ben Hammersley kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn The Guardian, ó sì ka "podcasting" mọ́ àwọn orúkọ tí a lè pè é. Ara iPod, ẹ̀rọ orin tí Apple gbé jáde lọ́dún 2001, ni ìdajì orúkọ náà ti wá. Nígbà tí Apple fi pọ́díkáàsì sínú iTunes ní oṣù kẹfà ọdún 2005, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ètò kan ti wà nílẹ̀ tó bá ọ̀nà tuntun yìí mu bí ẹni pé wọ́n ti ń retí ara wọn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1998 ni Melvyn Bragg ti ń pe àwọn onímọ̀ láti yunifásítì, mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, wá sórí BBC Radio 4 nínú ètò In Our Time. Wọn á gbé kókó kan kalẹ̀, ìbáà jẹ́ ìtàn, sáyẹ́ǹsì tàbí ẹ̀sìn. Nígbà tí BBC gbé ètò náà sórí ayélujára fún gbígbà sílẹ̀ lọ́dún 2004, ọ̀rọ̀ tí ìbá tán láàárọ̀ ọjọ́ kan di ohun tí ènìyàn lè gbọ́ nígbàkígbà. Kí Bragg tó gbé ètò náà sílẹ̀ lọ́dún 2025, ó ti ṣe ju 1,000 lọ. Lọ́dún 2007, Nigel Warburton, tó ń kọ́ni ní Open University, àti David Edmonds, òṣìṣẹ́ BBC, bẹ̀rẹ̀ Philosophy Bites: onímọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan, nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ló gbilẹ̀ báyìí? Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ń kọ̀wé sínú jọ́nà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó lè ká àṣìṣe mọ́ ọn lọ́wọ́ ló ń rí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá jókòó síwájú rẹ̀, ojú onítọ̀hún ni yóò fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti díjú. Atọ́kùn tó dáńgájíá kì í tijú àìmọ̀. Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?" Lẹ́yìn náà ni yóò bi ìbéèrè tó wúlò jù lọ: "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Níbẹ̀ ni a ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe wọn nǹkan, ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣì í, àti ohun tó ṣì ń kọ wọ́n lóminú. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Nínú pọ́díkáàsì, abéèrè ń mú gbogbo olùgbọ́ dání lọ ni.

Iṣẹ́ yìí ti dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Yunifásítì Èkó ní rédíò lórí 103.1 FM, ti Ìbàdàn wà lórí 101.1 FM, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tóyìn Fálọlá sì ń darí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí ayélujára láti Texas. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló gba iwájú nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wa, èyí sì ń dùn mí, nítorí ìwádìí kan tó jẹ́ tiwa gan-an.

Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's, Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì wá olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí wọ́n tó bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó lo Yorùbá dé òpin ló ta àwọn yòókù yọ, wọn kò sì já kulẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Lọ́dún 1989 ni àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́.

Ìyá tó ń mú ọmọ lọ sílé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ní ìbéèrè kan lọ́kàn: "Bí wọ́n bá fi Yorùbá kọ́ ọmọ mi, ṣé Gẹ̀ẹ́sì kò ní sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́?" Mo fẹ́ kí ẹnìkan gbé fóònù síwájú onímọ̀ ẹ̀kọ́ kan ní Ifẹ̀, kó bi í ní ìbéèrè yẹn gan-an ní Yorùbá, kí onímọ̀ náà sì fi Yorùbá dá a lóhùn, kí ìyá yẹn lè gbọ́ ọ nídìí ọjà rẹ̀.