Iyọ̀ nínú Oúnjẹ Ẹni tí Ó ní Àtọ̀gbẹ

Ohun rere ni iyọ̀. A máa ń fi í tọ́ ọmọ tuntun lẹ́nu ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a sì máa ń fi í pa ẹran àti ẹja mọ́ kí wọ́n má bàa bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ohun rere tí ó bá kọjá ìwọ̀n a máa di ìpalára, àwọn tí ìpalára iyọ̀ sì tètè ń bá ni àwọn tí ó ní àrùn àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Nítorí náà ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí sí àwọn ará wa ní Ìdànrè àti ní gbogbo abúlé oko tí ó yí i ká, pàápàá jù lọ sí ẹni tí ìkòkò ọbẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Aláìsàn kì í dá jẹun. Láti inú ìkòkò ilé ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá sọ fún ènìyàn pé ó ní àtọ̀gbẹ, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé yóò jáwọ́ nínú ṣúgà, yóò pa ọtí ẹlẹ́rìndòdò tì, yóò sì dín òkèlè iyán rẹ̀ kù. Ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ kò bá dùn mọ́ ọn lẹ́nu bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, a máa bu iyọ̀ kún ọbẹ̀, a sì máa rò nínú ara rẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí iyọ̀ kì í ṣe ṣúgà, kò lè pa òun lára. Òótọ́ ni pé iyọ̀ kì í mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga. Ọ̀nà mìíràn ni ó ń gbà ṣe ibi.

BÍ IYỌ̀ TI Ń ṢIṢẸ́ NÍNÚ ARA

Ẹ wo iyọ̀ tí a fi sílẹ̀ láìbò ní oṣù Keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí kùrukùru sì bo orí òkè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò ti tutù rinrin, nítorí iyọ̀ a máa fa omi mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ara. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ara a máa dá omi dúró, ẹ̀jẹ̀ a sì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ nínú àwọn iṣan tí ń gbé e káàkiri. Ẹnikẹ́ni tí ó ti rí àgbàrá tí ń ti orí àpáta Ìdànrè wálẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá mọ̀ pé bí omi bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa fi agbára bì lu ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀, títí yóò fi wó o. Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń bì lu ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sán àti ní òru, láìjẹ́ pé ẹni tí ó ń ṣe mọ̀.

Àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ a máa ba àwọn iṣan tín-ín-rín jẹ́, àwọn tí ó wà nínú ojú, nínú kíndìnrín, àti ní ẹsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún wá bá a níbẹ̀, ọ̀tá méjì ni ó gbógun ti ilé kan ṣoṣo. Láti ibẹ̀ ni ìfọ́jú ti ń wá, àti àrùn rọpárọsẹ̀, àti kíndìnrín tí kò lè sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti daṣẹ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sí ibi tí ẹ̀rọ yóò ti máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀ ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ilé ìtọ́jú irú rẹ̀ wà ní ìlú Oǹdó nítòsí wa, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ náà lè gbé èrè kòkó ọdún púpọ̀ lọ.

Ọmọ Oǹdó ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládìpọ̀ Akínkúgbé, tí a bí ní 1933, tí ó sì kú ní 2020. Ó wà lára àwọn oníṣègùn tí ó kọ́kọ́ fi ayé wọn ṣe ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn kíndìnrín ní Nàìjíríà, òun ni ó sì ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó gbé ìròyìn jáde ní 1997 lórí àwọn àrùn tí kì í ràn ní ilẹ̀ wa, tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà nínú wọn. Ní 2010 ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ ní òkè òkun kó ìwádìí 13 jọ, tí a ṣe lára ènìyàn 254 tí ó ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n rí i pé nígbà tí a dín iyọ̀ àwọn wọ̀nyí kù gidigidi, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wálẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iṣẹ́ oògùn kan dọ́gba.

ÌWỌ̀N TÍ Ó TỌ́

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà kan yóò jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, èyí tí í ṣe ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì, kí ó kún dọ́gba, kí ó má ṣe ga. Ìṣirò àjọ náà sì fi hàn pé àwọn àgbàlagbà ayé ń jẹ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà ìdánwò kan nìyí tí ìyá ilé lè lò. Bí àgbàlagbà márùn-ún bá ń jẹun nínú ilé, kílò iyọ̀ kan yẹ kí ó tó wọn fún 40 ọjọ́ ó kéré tán. Bí ó bá tán kí oṣù kan tó pé, iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ìkòkò náà, kí a tó ka èyí tí ó wà nínú àwọn nǹkan mìíràn.

IBI TÍ IYỌ̀ FARA PAMỌ́ SÍ

Iyán kò ní iyọ̀. Ọbẹ̀ ni ó ní i. Nínú ọbẹ̀ náà, nǹkan bí ìdajì kóró magí ni ó jẹ́ iyọ̀. Kóró kan tí ó wọn gíráàmù 4 ní iyọ̀ bíi gíráàmù 2, nítorí náà kóró méjì àbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìpín ẹnì kan fún odindi ọjọ́ kan. Kán-ún tí a ń fi se ewédú àti ẹ̀wà kò dà bí iyọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù, èyí tí ń mú ẹ̀jẹ̀ ru nínú iyọ̀, wà nínú òun náà. Ẹ tún ṣọ́ búrẹ́dì, ẹja oníyọ̀, ẹja inú agolo, ìyẹ̀fun inú ọ̀rá Indomie, irú tí a fi iyọ̀ pa mọ́, àti oògùn tí ń hó bí a bá jù ú sínú omi.

BÍ A TI LÈ DÍN IYỌ̀ KÙ

1. Ẹ má ṣe gé e kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ yọ ìdá mẹ́rin kan kúrò nínú iyọ̀ tí ẹ ń lò. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, ẹ tún yọ díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ahọ́n yóò ti kọ́ ọ, oúnjẹ àtijọ́ yóò sì máa dà bí èyí tí iyọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀.

2. Ẹ fi ṣíbí wọn iyọ̀, ẹ má ṣe fi ọwọ́ bù ú. Bí ẹ bá fi magí sí ọbẹ̀, kí iyọ̀ kéré sí i, tàbí kí ó má sí rárá.

3. Ẹ jẹ́ kí ata, àlùbọ́sà, aáyù, ata ilẹ̀, ìyèré, ẹ̀fínrín, àti irú tí kò ní iyọ̀ mú ọbẹ̀ ta sánsán. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fún sórí ẹja a máa mú ahọ́n gbàgbé iyọ̀.

4. Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú dípò kán-ún, kí ẹ sì fi ìjábẹ̀ lu ewédú dáadáa. Ẹ rẹ ẹja oníyọ̀, kí ẹ da omi rẹ̀ nù kí ẹ tó sè é.

5. Ẹ má ṣe gbé iyọ̀ sórí tábìlì oúnjẹ.

6. Kí gbogbo ilé jẹ ọbẹ̀ kan náà. Bàbá tí a bá dá ìkòkò tirẹ̀ sè ní igun kan yóò rò pé a ti yọ òun kúrò láàárín ènìyàn, yóò sì máa jẹ níta. Ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n sàn fún ìyàwó àti ọmọ pẹ̀lú.

ÌKÌLỌ̀

A kò sọ pé kí a pa iyọ̀ tì pátápátá. Láti 1993 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí a máa fi áyódíìnì sí iyọ̀ ní Nàìjíríà, kí gẹ̀gẹ̀ má bàa mú wa. Irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí a rà, kí a sì lò ó níwọ̀n. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú aláìsàn, kí ó mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fún ni, kí ó sì tètè lọ sí ọsibítù. Ọ̀rọ̀ wa kò ka èyí léèwọ̀. Àwọn iyọ̀ kan wà tí a fi pọtásíọ̀mù rọ́pò iyọ̀ gidi: kí ẹni tí ó ní àrùn kíndìnrín má ṣe fi ẹnu kàn án láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kéré dá oògùn rẹ̀ dúró. Kí ó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ọsibítù nígbàkúùgbà tí ó bá lọ wọn ṣúgà, kí ó sì béèrè pé kí a yẹ ìtọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Ìjọ pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ ìkórè àti ní ìnáwó gbogbo, kí àwọn ìyá ìjọ tí ń se oúnjẹ bu ọbẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ kí iyọ̀ àti magí tó wọ̀ ọ́, kí àwọn arákùnrin àti arábìnrin wa tí ó ní àtọ̀gbẹ lè bá wa jókòó jẹun láìbẹ̀rù. Àwo ọbẹ̀ kan ni ẹ óò yà sọ́tọ̀. Ojú ẹnì kan tàbí kíndìnrín rẹ̀ ni ẹ óò fi dá sí.