Ilé Adìẹ Ẹ̀yìnkùlé: Ààbò fún Adìẹ, Ìlera fún Ọmọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí nínú ilé tí adìẹ àti ènìyàn bá jọ ń sùn sí yàrá kan náà. Adìẹ kò rí afẹ́fẹ́ tí ó tó mí, ìgbẹ́ rẹ̀ sì tàn ká ilẹ̀ tí ọmọ ọwọ́ ń rá lórí rẹ̀. Ohunkóhun tí ọwọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀, ẹnu ni ó ń lọ. Kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí máa ń wà nínú ìgbẹ́ adìẹ, kódà bí ara adìẹ náà bá le. Ó lè fa ìgbẹ́ gbuuru, inú rírun àti ibà fún ọmọdé. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, ilé adìẹ kì í ṣe ti adìẹ nìkan. Odi ni ó jẹ́ láàrin ọmọ yín àti àrùn.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ

Ẹ yan ibi tí ó ga díẹ̀, tí omi kì í dúró sí, tí ó sì jìnnà sí kànga àti ilé ìdáná. Fún adìẹ ńlá mẹ́wàá, ilé tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ti tó. Ẹ jẹ́ kí gígùn rẹ̀ lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn má baà wọ inú rẹ̀ tààrà. Ẹ fi pákó dí ẹ̀gbẹ́ kúkurú méjèèjì, kí ẹ sì ta àwọ̀n onírin sí ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ kọjá.

Ẹ gbé ilé náà lé òpó tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Ẹ fi ọparun lílà tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, kí àlàfo wọn jẹ́ ìbú ìka kan, kí ìgbẹ́ lè máa jábọ́ sísàlẹ̀. Ẹ ṣe ọgbà yí ìsàlẹ̀ yìí ká kí ọmọdé má lè dé ibẹ̀. Ẹ fi páànù wé òpó kọ̀ọ̀kan kí eku má lè gùn ún. Nínú ilé, ẹ fi igi tí wọn yóò máa bà lé sí i, àti ìtẹ́ kan fún àgbébọ̀ mẹ́rin mẹ́rin.

Ìgbà òjò

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ẹ wo òrùlé bí ó bá ń jò, kí ẹ sì la ojú àgbàrá yí ilé náà ká. Ẹ máa pààrọ̀ koríko ìtẹ́ tí ó bá tutù. Ẹ má ṣe fún wọn ní oúnjẹ tí ó ti bu. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ adìẹ, ẹ tètè pe oníṣègùn ẹranko.

Ìgbà ẹ̀rùn àti ọyẹ́

Nínú ooru, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo òrùlé páànù, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi wọn ní àárọ̀ àti ọ̀sán. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ ta àpò sí apá ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ní òru.

Ìgbà ọyẹ́ ni lúkúlúkú máa ń jà jùlọ. Adìẹ á sorí kọ́, á máa yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ á sì lọ́. Àrùn yìí lè pa gbogbo agbo láàrin ọjọ́ díẹ̀. Kò sí oògùn tí ń wò ó. Ìdènà nìkan ni ó wà. Ní oṣù Kẹ̀wàá, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ ìlera ẹranko fún àjẹsára, kí ẹ sì bi í léèrè ìgbà tí ẹ óò tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ń pò mọ́ omi mímu, omi kànga tàbí omi òjò tí ó mọ́ ni kí ẹ lò. Oògùn apakòkòrò tí ó wà nínú omi ẹ̀rọ a máa sọ àjẹsára náà di aláìlágbára.

Adìẹ tí ó kú fúnra rẹ̀

Ẹ má ṣe jẹ ẹ́, ẹ má sì tà á. Ní ọdún 2006 ni àìsàn lùkúlùkú mìíràn, èyí tí a mọ̀ sí àrùn ẹyẹ, kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà. Ní ọdún 2007, ó pa ènìyàn kan ní Èkó. Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́, kí ẹ sin òkú adìẹ náà jìnnà sí kànga. Bí púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi tó òṣìṣẹ́ ìlera ẹranko létí.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́

Àgbàlagbà ni kí ó máa gbá ìgbẹ́ adìẹ, kì í ṣe ọmọdé. Kí ó ní bàtà kan tí kò ní wọ wọ inú ilé, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ẹ kó ìgbẹ́ náà sínú kòtò, ẹ bò ó, kí ó jẹrà dáadáa kí ẹ tó fi ṣe ajílẹ̀ sí oko ẹ̀fọ́.

Èrè rẹ̀

Àwọn kan gbà pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀kọ́ ilé ni ó ń mú ọmọ yàgò fún olè jíjà. Ẹyin ni ó ń mú egungun àti ọpọlọ rẹ̀ dàgbà. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́fà, ẹ lè bọ ẹyin kí ó jinná dénú, kí ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀kọ rẹ̀, kí ẹ má sì dá ọmú dúró. Kí ẹ tó kó ẹyin lọ sí ọjà, ẹ kọ́kọ́ yọ ti ọmọ sílẹ̀.