Phi Beta Kappa àbí Phi Kappa Phi?

Tí máàkì akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń jọjú ní yunifásítì Amẹ́ríkà, lẹ́tà ìpè láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́lá á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Méjì tí ojúlówó wọn dájú ni Phi Beta Kappa àti Phi Kappa Phi. Orúkọ wọn jọra. Ìṣe wọn ò jọra.

Phi Beta Kappa lẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1776 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá a sílẹ̀ ní William and Mary, ní ìpínlẹ̀ Virginia, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ awo. Ẹ̀ka rẹ̀ ò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà lọ, ọdún 1953 ló sì tó wọ Fisk àti Howard, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Phi Kappa Phi bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Maine ní 1897, torí àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ fẹ́ ẹgbẹ́ tí kò ní yọ ẹ̀kọ́ kankan sẹ́yìn.

Títí dòní, lítíréṣọ̀, ìtàn, ìmọ̀ àwùjọ àti sáyẹ́ǹsì ni ẹ̀gbọ́n ń wò, ó sì ń béèrè èdè kejì àti ìṣirò. Àbúrò ń gba oníṣẹ́ ẹ̀rọ, nọ́ọ̀sì àti oníṣirò owó pẹ̀lú, bí wọ́n bá wà nínú ìdá 7.5 tó mókè jù nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kẹta, tàbí ìdá 10 lọ́dún àṣekágbá.

Kò sí èyí tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀ wọ̀ nínú méjèèjì. Wọ́n á pè ọ́ ni. Tó bá di ti owó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Phi Beta Kappa ń gba owó ìwọlé. Phi Kappa Phi ní owó ọdọọdún, ṣùgbọ́n láti 1932 ló ti ń fi owó ran àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ láti kàwé sí i.

Lójú tèmi, ọmọ tí Phi Beta Kappa bá pè kó má ṣe rò ó lẹ́ẹ̀mejì: orúkọ rẹ̀ ló wúwo jù, ìnáwó rẹ̀ kì í sì í tún padà wá. Phi Kappa Phi yẹ ẹni tó fẹ́ tẹ̀ síwájú lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, tó sì ṣe tán láti du owó ìrànwọ́ náà. Ẹni tí kò ní dù ú, kó kọ́kọ́ ṣírò owó ọdọọdún yẹn kó tó fọwọ́ síwèé.