Fídíò àti géèmù wúlò fún ẹ̀kọ́ nípa bí ewé ṣe ń se oúnjẹ, ṣùgbọ́n wọn kò tó

Bí olùkọ́ bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé níbo ni igi ìrókò ti rí gbogbo ara ńlá tó gbé dúró, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò dáhùn pé inú ilẹ̀ ni. Èrò náà ti pẹ́, àmọ́ kò tọ̀nà. Ìwé onímọ̀ nì, Jan Baptist van Helmont, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1648, ròyìn bó ṣe gbin igi kan sínú ìkòkò fún ọdún 5. Igi náà fi nǹkan bíi kílò 74 wúwo sí i, síbẹ̀ ohun tó dín nínú iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò náà kò tó gíráàmù 100.

Inú afẹ́fẹ́ àti omi ni igi ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀. Ewé a máa fa carbon dioxide láti inú afẹ́fẹ́, gbòǹgbò a máa fa omi, agbára oòrùn yóò sì sọ méjèèjì di ṣúgà, ọ́síjìn yóò wá jáde. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní photosynthesis.

Nítorí pé ojú lásán kò rí i, ṣe ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kàn ń há a sórí nítorí ìdánwò. Ibí ni fídíò ti wúlò. Ó lè fi àwọn ihò tíntìntín ara ewé hàn bí wọ́n ṣe ń ṣí, tàbí bí ewéko inú omi ṣe ń yọ ìfóòfó nínú ìmọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Jan Ingenhousz ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1779.

Géèmù náà ní ipa tirẹ̀. Nínú Photosynthesis, géèmù orí tábìlì tí Hjalmar Hach ṣe, tó jáde lọ́dún 2017, igi gíga a máa ṣíji bo kékeré, kò sì ní jẹ́ kó rí oòrùn gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ lè borí nínú rẹ̀ láì mọ ohunkóhun nípa carbon dioxide.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí olùkọ́ máa dá fídíò dúró, kó béèrè ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dán an wò fúnra wọn. Kí wọ́n gbé ọ̀gbìn inú ìkòkò sínú òkùnkùn fún ọjọ́ 2, kí wọ́n fi bébà dúdú bo apá kan ewé rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e sí oòrùn fún wákàtí díẹ̀. Kí wọ́n wá já ewé náà, kí wọ́n bọ̀ ọ́, kí wọ́n fi sípíríìtì tí a gbé sínú omi gbígbóná fọ àwọ̀ rẹ̀ kúrò, láì jẹ́ kí sípíríìtì náà sún mọ́ iná rárá. Bí wọ́n bá kán áyódìnì sí i, ibi tí oòrùn pa yóò dúdú nítorí sítáàṣì tó wà níbẹ̀, ibi tí bébà bò kò ní dúdú.

Èyí kò nílò iná mànàmáná tàbí kọ̀ǹpútà. Fídíò ń ròyìn ni, ìròyìn kò sì tó àfojúbà.