Kí Ẹ Tó Kọ Kámẹ́rà sí Babaláwo: Ohun Tí Ojú Mi Rí ní Ìkẹjà GRA

 

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń pè mí nítorí ojú ewé yìí: "Bàbá, mo fẹ́ ya dọkumẹ́ńtárì lórí Ifá. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Orí fóònù ni mo ti máa ń dá wọn lóhùn. Lónìí, mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí èmi náà bá wọn dé ìdí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìpẹ́ yìí, mo sì rí ibi tó ti fẹ́ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Ọ́fíìsì kan ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà GRA. Nínú bọ́ìsìkọ́tà ilé tó kángun sí tiwọn ni babaláwo àgbà kan ń gbé. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ ló gbé Bàbá yìí dé GRA ní ohun tó ju ogójì ọdún lọ, ó ń ṣọ́ ilé fún onílé, ó sì ń bọ Ifá rẹ̀ lẹ́yìn ilé, níbi tó gbin pèrègún àti akòko sí. Onílé ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ta ilé náà, ẹni tó rà á sì fẹ́ wó o kó fi kọ́ fúláàtì. Wọ́n fún Bàbá ní oṣù kan kó fi palẹ̀ ẹrù mọ́, kó máa lọ sí ìlú rẹ̀.

Ọmọ náà ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká ya Bàbá kí wọ́n tó lọ." Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Àṣé èmi àti òun kò tíì mọ ohun tí a fẹ́ ṣe.

Mo bi í pé kí ni fídíò náà máa dá lé lórí. Ó ní, "Ifá ni." Mo rẹ́rìn-ín. Ojú odù mẹ́rìndínlógún, àpapọ̀ odù 256, ẹsẹ tó wà nínú odù kọ̀ọ̀kan kò sì lóǹkà. Ohun tí àjọ UNESCO kéde ní 2005, tí wọ́n sì tún kọ sínú ìwé àwọn àjogúnbá gbogbo ayé ní 2008, ta ni yóò rò ó tán ní ìṣẹ́jú méjìlá? Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ẹ wá ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Tiwa di pé: "Kí ni ọkùnrin yìí máa gbé kúrò ní GRA?" Ohunkóhun tí kò bá dáhùn ìbéèrè náà, a kò yà á.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ìyọ̀ǹda. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. A kọ́kọ́ lọ kí Bàbá láìmú kámẹ́rà dání, a mú obì àti orógbó lọ́wọ́. A ṣàlàyé ohun tí a fẹ́ ṣe, àti ibi tí àwọn ènìyàn ti máa wò ó. Bàbá gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀, ó bi Ifá léèrè. Ó ní Ifá gbà, ṣùgbọ́n ohun méjì wà níbẹ̀: a kò gbọdọ̀ ya ojú ẹnikẹ́ni tó bá wá ṣàyẹ̀wò, a kò sì gbọdọ̀ béèrè ohun tó jẹ mọ́ igbódù.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ṣé ibi tó máa dùn jù nínú fídíò kọ́ nìyẹn?"

Bàbá ní, "Ọmọ mi, bí gbogbo ògbẹ̀rì bá ti rí inú igbódù tán, kí ni a tún ń pè ní awo?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ó ti pẹ́ tí kámẹ́rà ti ń wọ ìdí àṣà wa. Ní 1963, Frank Speed àti dókítà Raymond Prince gbé fíìmù jáde lórí bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ń tọ́jú wèrè. Speed yìí kan náà ló bá Peggy Harper ya Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní 1968, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde. Àwọn àgbà tí wọ́n gbà wọ́n láàyè ni iṣẹ́ wọn fi ṣeé ṣe. Ẹ sì wo Túndé Kèlání. Ó kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, ó di ayàwòrán ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, ó tún lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, kó tó di pé a rí Ti Olúwa Nilẹ̀ ní 1993. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwa kò fi ẹ̀sọ̀ mú tiwa. Ìlànà ni pé kí ènìyàn lọ jókòó síbi tó ti fẹ́ ya fídíò fún odindi ọjọ́ kan, kó máa wò, kó sì máa fetí sílẹ̀. A wò ó dáadáa. A mọ ìgbà tí oòrùn ń yọ sí ẹnu ọ̀nà Bàbá, a sì kọ àwọn àwòrán tí a fẹ́ yà sórí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan: ọwọ́ Bàbá lórí ọpọ́n, ìyẹ̀rẹ̀òsùn, pèrègún, géètì ilé. Ṣùgbọ́n a kò fetí sílẹ̀. Nígbà tí a fi máa múra tán, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá méjì péré ló kù kí Bàbá lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a débẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Fóònù wà lórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí Bàbá. Bàbá bọ Ifá rẹ̀, ó sì sun ìyẹ̀rẹ̀ kan tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Omi bọ́ lójú mi.

Lálẹ́, a ṣí fídíò náà. Àwòrán dára, ohùn kò sí. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ló ń dún látòkèdélẹ̀, bàálù tó ń bà sí pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà sì gba ìyókù. Ẹnu Bàbá ń mì, ẹ kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀léra. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Láàárọ̀, a lọ bẹ Bàbá pé kí wọ́n tún un sun fún wa.

Bàbá mi orí. "Ifá ni mo sun ún fún lánàá, kì í ṣe fóònù. Ẹ padà wá lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọjọ́ náà ló sì gbẹ̀yìn.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ há sórí. A lọ sí Computer Village, a ra máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ, a fi gbohùngbohùn etí dán an wò kí a tó sanwó. A lọ bẹ ọlọ́dẹ ilé kejì, ó sì gbà láti pa jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí kan. A dé ọ̀dọ̀ Bàbá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. A rí i pé àyè wà nínú fóònù, a sì ti ìpè pa, kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọlé láàárín iṣẹ́. Máìkì wà láyà Bàbá, ọmọ náà sì fi ohun àgbékétí gbọ́ ohùn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ má máa yí kámẹ́rà káàkiri. Ẹ mú un dúró gbọn-in fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ó kéré tán lórí ohun kọ̀ọ̀kan: láti òkèèrè, láti àárín, àti láti ìtòsí. Ẹ gba ohùn ibi tí ẹ wà fún ìdajì ìṣẹ́jú láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó wúlò nígbà tí ẹ bá ń to fídíò pọ̀. Bí ẹ bá ń fi ọ̀rọ̀ wá àgbà lẹ́nu wò, tí bàálù ń kọjá, ẹ rọra ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kọjá." Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń bọ Ifá, ẹ má dá wọn dúró. Ẹ má sì gbé dróònù fò láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ NCAA àti Ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò, pàápàá jù lọ ní GRA tó wà nítòsí pápákọ̀.

Bàbá sun ìyẹ̀rẹ̀ náà. Gbogbo rẹ̀ wọlé. Kí a tó jẹun, a ti dà á sí ọ̀nà mẹ́ta: kọ̀ǹpútà, díìsìkì kan, àti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Wákàtí mẹ́rin ni ohun tí a yà. A kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí a tó gé e, a sì gé e di ìṣẹ́jú méjìlá. Kí ẹnikẹ́ni tó wò ó, a mú un lọ fún Bàbá. Wọ́n wò ó lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín sí ohùn ara wọn. Wọ́n ní ká yọ gbólóhùn kan kúrò, torí ó kan àṣírí ìdílé kan. A yọ ọ́.

Nínú fídíò náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi béèrè ìbéèrè wa lọ́wọ́ wọn: "Bàbá, kí lẹ máa gbé kúrò níbí?"

Bàbá ní, "Ikin mi mẹ́rìndínlógún, ẹ̀ka pèrègún yìí, àti ohun tó wà lórí mi. Méjì àkọ́kọ́ kò wúwo. Ẹ bá mi gbé ẹ̀kẹta."

Bàbá ti lọ. Wọ́n ti gé akòko náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní babaláwo, ìyánífá tàbí arùgbó olórìṣà nílé, ẹ má dúró de kámẹ́rà ńlá, ẹ má sì dúró de Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 August. Ẹ mú obì, ẹ lọ bèèrè. Ẹ fetí sílẹ̀ kí ẹ tó fi ojú wò.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Ire o.