Elégédé àti Igbá Lọ́wọ́ Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi

Oṣù kẹwàá ni òjò ń kógbá wọlé ní Kàdúná, ìgbà yẹn gan-an ni elégédé sì ń gba ọjà. Ẹ dé Kasuwar Barci ní Tudun Wada tàbí ọjà Kawo, ẹ ó bá a nílẹ̀: àwọn kan wà lódindi, wọ́n ti la àwọn mìíràn kí oníbàárà lè rí bí inú rẹ̀ ti pọ́n tó. Kabewa ni àwọn Hausa ń pè é, òun ni wọ́n fi ń se miyan taushe. Ní oṣù kan náà, àwọn ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi mìíràn á tẹ àwòrán elégédé tó lójú tó léyín jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ kùn ún. Ọmọ tó jẹ miyan taushe lálẹ́ àná kò ní mọ̀ pé ohun tó wà nínú ọbẹ̀ ìyá òun ló wà lórí bébà yẹn.

Ìtàn àwòrán yẹn pàápàá lẹ́kọ̀ọ́ nínú. Gbòǹgbò oko kan tí wọ́n ń pè ní turnip ni àwọn ará Ireland kọ́kọ́ ń gbẹ́ ojú sí lára, tí wọ́n ń tan iná sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n bá elégédé níbẹ̀, ó tóbi jù ú lọ, ó sì rọrùn láti gbẹ́, ni wọ́n bá mú un. Ohun tí ilẹ̀ hù ni wọ́n lò. Bí a bá fẹ́ lo ohun tí ilẹ̀ tiwa náà hù, méjì ló wà nílẹ̀: elégédé àti igbá.

Ìbátan ni wọ́n, àwọn àti bàrà tó ń so ẹ̀gúsí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni elégédé ti ṣẹ̀. Áfíríkà ni ilé igbá. Jíjẹ là ń jẹ ọ̀kan, lílò là ń lo èkejì, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà wọn ti yà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́. Kí Àǹtí fi ọ̀bẹ la elégédé, kí àwọn ọmọ má fọwọ́ kan ọ̀bẹ rárá. Inú rẹ̀ tutù, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́, okùn inú rẹ̀ ń lọ́ mọ́ ìka. Àwọn kan á figbe ta, àwọn kan á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni ọmọ á fi máa yọ kóró lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka wọ̀nyí náà ni yóò sì fi di pẹ́ńsù mú lọ́la. Wọn á fọ kóró, wọn á kà á, wọn á sá a sóòrùn. Kí a máa ṣọ́ gbogbo wọn, kí kóró má baà há wọn lọ́fun.

Igbá kò ní irú eré ọwọ́ yìí. Inú igbá tútù korò, ó sì lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, nítorí náà a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ tọ́ ọ wò. Ayùn ni a fi ń là á, a ó rẹ ẹ́ sómi kí inú rẹ̀ lè rà, a ó ha á, a ó sá a. Iṣẹ́ àgbà nìyẹn. Èyí tó ti gbẹ lọ́jà ni kí ilé-ìwé rà.

Ṣùgbọ́n tó bá kan etí, igbá ló ni ín. Ẹ da ẹ̀wà sínú àkèrègbè kékeré, kí ẹ dí ẹnu rẹ̀ pa, ọmọ ti ní ohun tí yóò máa mì. Ẹ dojú igbá dé sínú abọ́ omi bí àwọn obìnrin Hausa ti ń ṣe, kí wọ́n máa lù ú: omi àti ìlù pa pọ̀. Ẹfun àti èédú ló tó láti fi ya ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ lè tún un yà lọ́la. Fínfín igbá tí àwọn ará Ọ̀yọ́ mọ̀ dunjú, ó di ìgbà tí ọmọ bá dàgbà tó láti mú ọ̀bẹ.

Igbá ló tún lálòpẹ́. Ó lè pẹ́ ọdún púpọ̀ bí kò bá já bọ́. Elégédé tí a ti là kò ju ọjọ́ bíi mélòó kan lọ nínú ooru kí ó tó máa rùn.

Àwọn òbí kan á ní a kì í fi oúnjẹ ṣeré, òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ elégédé kò ní láti ṣòfò. Okùn àti kóró ni ti ọwọ́ ọmọdé, ẹran ara rẹ̀ ń lọ sínú ìkòkò, ewúrẹ́ ló ni èèpo. Ìrẹsì tí àwọn kan ń pa láró kí ọmọ lè máa bù ú kiri, ta ni yóò jẹ ẹ́ lẹ́yìn náà?

Ìdájọ́ tèmi rèé. Fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, elégédé ló borí, nítorí ọwọ́, imú àti ẹnu ni ọmọ ọjọ́ orí yẹn fi ń mọ ayé. Kí igbá dúró de ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ̀yin Àǹtí, ẹ fi bébà sílẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹyọ elégédé kan tó kíláàsì. Bí kóró bá ṣẹ́kù, ẹ gbìn ín sínú agolo mílíìkì, kí àwọn ọmọ máa bomi rin ín, torí òjò ti lọ.